Ibi Tí Sàngbétò Ti Ń Ṣọ́ Igi

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo kọjá ẹnubodè Sèmè. Mo la Kùtọnu àti Ouidah kọjá, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán, mo ti wà ní Grand-Popo, ìlú kan tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Etí òkun ibẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n igi ni mo wá wò.

Ọlọ́kọ̀ gbé wa gba orí ọ̀sà lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mónò ti ń wọ inú òkun. Igi inú omi oníyọ̀ kún etí ọ̀nà. Gbòǹgbò wọn yọ síta, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹsẹ̀ akàn, láàárín rẹ̀ sì ni ẹja ń sá pamọ́ sí nígbà tí ó bá wà ní kékeré.

Mo mọ igi náà láti ilé. Irú rẹ̀ ni ìyá bàbá mi fi ń yan ẹja ní Àgbádárìgì. Èéfín rẹ̀ ni ó rán bàbá mi lọ sí ilé-ìwé. Lónìí, ẹrẹ̀ lásán ni ó kù ní etí omi ẹ̀yìn ilé wa.

Ní Bouche du Roy, iyọ̀ ni àwọn obìnrin ń sè. Wọ́n á ha erùpẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọ́n á da omi sí i kí ó lè sẹ́, wọ́n á sì gbé omi náà kaná títí yóò fi gbẹ di iyọ̀. Iná yẹn ń jẹ igi púpọ̀. Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í tán, tí ẹja náà sì ń dínkù, àwọn abúlé jókòó: apẹja, asèyọ̀, baálẹ̀ àti àwọn olórí awo. Wọ́n pín omi náà sí ọ̀nà ọ̀nà: ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àti ibi tí ènìyàn ti lè mú níwọ̀n. Ní 2017, UNESCO ka agbègbè odò Mónò, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, mọ́ àwọn ibi tí ó ń dá sí fún ẹ̀dá alààyè.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í dá àáké dúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé Sàngbétò jáde, olùṣọ́ òru tí gbogbo ọmọ Ègùn mọ̀, kí ó wá sọ àwọn igi kan di ohun ọ̀wọ̀. Màrìwò ni mo rí lára wọn. Ọlọ́kọ̀ wa kò jẹ́ kí a sún mọ́ ibẹ̀, n kò sì bá a jiyàn.

Mo bi màmá kan tí ń se iyọ̀ bóyá ẹ̀rù ni wọ́n fi mú òun. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, mo wà ní ìpàdé náà. Èmi náà ni mo fẹnu ara mi sọ ibi tí a ó fi sílẹ̀.” Kò fi pamọ́ pé igi ìdáná tí òun ń rà báyìí ń jẹ èrè òun.

Ó mú mi lọ gbin èso igi náà. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí àbẹ́là, orí ìyá rẹ̀ ni ó sì ti ń hù kí ó tó já bọ́. Èèyàn kàn máa tì í bọ ẹrẹ̀ ni. Mo gbin mẹ́wàá; ẹrẹ̀ náà gba bàtà mi kan, kò dá a padà.

Ní alẹ́, mo pe bàbá mi lórí fóònù. Mo ka àwọn tí ó jókòó sí ìpàdé náà fún wọn. Bí mo ti dé orí àwọn asèyọ̀, wọ́n dá mi dúró.

“Wọ́n pe àwọn obìnrin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n wá fi òfin de igi gígé ní etí omi tiwa, kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ìyá àwọn yóò fi yan ẹja. Láti ọjọ́ náà, òru ni ó ń lọ gé e.