Ọba Kò So Ilé Wa

Bí ẹ bá gbọ́ pé ní ilé Mùsùlùmí kan ní Ìfọ̀, ilé tí ìrun márààrún kì í yẹ̀, eré Ṣàngó ni baálé ibẹ̀ fẹ́ràn jù, ẹ ó béèrè pé irú ilé wo nìyẹn. Ilé bàbá wa ni.

Dúró Ládiípọ̀ ni ó gbé eré olórin tí à ń pè ní Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963. Òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdílé onílù ni bàbá náà ti wá. Nígbà tí Dúró fẹ́ mú ìlù wọ inú orin ìjọ, àwọn àgbà ìjọ kò gbà fún un, ni ó bá gbé ìlù rẹ̀ jáde. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa náà kò tíì parí ìjà ìlù tiwa.) Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe Ọya. Wọ́n gbé eré náà dé Bẹ̀líìnì ní 1964, wọ́n gbé e dé ìlú Òyìnbó ní 1965, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì jókòó wò ó.

Bàbá wa wò ó ní Abẹ́òkúta. Owó ọkọ̀ tí ì bá fi padà sí Ìfọ̀ ni ó fi san owó ìwọlé. Ibùdókọ̀ ni ó sùn, ibẹ̀ náà ni ó ti kí ìrun Àsùbáà, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ìtàn Aláàfin kan ni, tí ó fẹ́ fi ọgbọ́n kápá àwọn ológun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ̀nká. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ọgbọ́n náà sì padà já lé ọba lórí. Bàbá ní òun kò wo òrìṣà kankan níbẹ̀, ọba tó ṣi agbára lò ni òun wò. A sì máa rán wa létí pé orí ìtẹ́ Tìmì Ẹdẹ yìí kan náà ni Lágúnjú, ọba Mùsùlùmí, wá jókòó sí ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà kò gba èyí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-kéú nígbà náà, ara rẹ̀ gbóná sí ẹ̀sìn. Àáfà rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹni tó ń gbádùn oríkì Ṣàngó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ ojúbọ. A kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ àáfà kò ní ìdí. Ọmọdé kì í mọ ibi tí oríkì parí sí tí ìbọ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni bàbá ní, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ràmàdáànì, ẹ̀gbọ́n gba wáàsí lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi pamọ́, òun gan-an ni ó lọ sọ fún bàbá. Gbogbo wa sá sí kọ̀rọ̀. Bàbá gbọ́ wáàsí náà tán, ó ní ó dára púpọ̀. Ó wá béèrè bóyá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ti wọ́n lọ́jà Ìfọ̀ ni.

Dúró Ládiípọ̀ ti kú ní 1978, a kò sì rí ohùn náà gbọ́ mọ́ nílé wa. Ẹnu ni bàbá wá ń fi ṣe eré fún wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Òun ni Ṣàngó, òun ni Ọya, ìka rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni bàtá. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, a mú un lọ wo àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú maikirofóònù àti iná aláwọ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n ti gé e kúrú. Ó ní Ṣàngó ti òun ń ké ni, èyí ń pariwo.

A ti fọ́nká báyìí, àwọn kan wà ní Mowé, ẹ̀gbọ́n sì di àáfà ní Ìbàfò. Òun náà ni ó ra ìwé eré yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, èyí tí Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn dà kọ láti inú téèpù. A gbé e lọ sí Ìfọ̀, a ṣí i, a ní kí bàbá máa sọ ọ́. A kò tíì ka ojú ìwé mẹ́ta tí ọ̀nà fi yà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà ní ẹnu bàbá tí kò sí nínú ìwé. Nígbà tó kan oríkì Tìmì, àwa ọmọ wo ojú ara wa: oríkì bàbá-ńlá tiwa ni ó ti wọ àárín rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi ìka hàn án. Bàbá wo ìwé náà títí. Ó ní, “Ọjọ́ tí wọ́n gba téèpù ni wọ́n kọ síbí. Ọjọ́ tèmi yàtọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n fa bírò yọ ní àpò agbádá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra tún un sọ.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí etí ìwé náà.