Agogo Ẹnu Onítàn

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó jókòó nídìí àlọ́ rí tí kò mọ bí apàlọ́ ti ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti sọ ẹ̀kọ́ inú àlọ́ náà tán, yóò fi agogo ẹnu rẹ̀ búra pé, bí òun bá purọ́, kí agogo náà má ṣe dún, ṣùgbọ́n bí òun kò bá purọ́, kí ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìyanu lójú mi fún ìgbà pípẹ́. Ìjàpá kì í sọ̀rọ̀, igi kì í rìn, bẹ́ẹ̀ ni òkú kì í padà wá jẹ iyán. Tọmọdé tàgbà ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ wo wá ni apàlọ́ ń búra pé òun kò pa?

Ohun tí ó mú mi ronú sí ìbéèrè yìí ni ìbínú àwọn tí ó wo Game of Thrones, eré ìtàn ìyanu tí ilé iṣẹ́ HBO ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2011, tí ó sì parí ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Apá 73 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni a sì pín in sí. Ìtàn ìjà oyè ni, pẹ̀lú òkú tí ń rìn àti dírágónì, ẹranko abìyẹ́ tí ń tu iná lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń jiyàn lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣe. Nígbà tí ó sì parí, orúkọ tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, pé kí a tún ọ̀wọ́ ìkẹyìn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ju mílíọ̀nù kan lọ.

Àwọn kan wí pé ikú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ni ó ń bí wọn nínú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, kí ọ̀wọ́ kìn-ín-ní tó parí, a bẹ́ Ned Stark lórí, ẹni tí gbogbo ènìyàn rò pé òun ni olórí ìtàn. Ní ọdún 2013, a pa ọmọ rẹ̀ níbi àsè ìgbéyàwó, a sì pa ìyá ọmọ náà pẹ̀lú. Àwọn òǹwòran sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Kí ló dé? Nítorí pé bàbá lọ sọ àṣírí ọ̀tá fún ọ̀tá kí ó tó múra ogun, ọmọ sì da májẹ̀mú ìgbéyàwó tí ó bá ìjòyè agbéraga kan dá. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìbànújẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò.

Gbòǹgbò yìí ni ó gbẹ nígbẹ̀yìn. Inú ìwé George R. R. Martin ni a ti mú ìtàn náà. Ìwé karùn-ún jáde ní ọdún 2011, nígbà tí ó sì di ọdún 2016, eré ti ré kọjá ibi tí ìwé dé. Òǹkọ̀wé ti sọ ibi pàtàkì tí ìtàn ń lọ fún àwọn tí ń ṣe eré, ṣùgbọ́n kò sí ìwé mọ́ tí yóò la ọ̀nà fún wọn. Wọ́n mọ ìlú tí wọ́n ń lọ, wọn kò mọ ọ̀nà. Apá mẹ́wàá mẹ́wàá ni ọ̀wọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ní. Ìkeje ní méje, ìkẹjọ sì ní mẹ́fà péré. Ìrìn àjò tí ó ti ń gba ọ̀pọ̀ apá tẹ́lẹ̀ wá di ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ ìkẹyìn, àwọn ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá lúgọ de ayaba tí ó ni dírágónì, wọ́n sì pa ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí a béèrè ìdí, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ eré náà dáhùn pé ayaba ti gbàgbé àwọn ọkọ̀ náà ni. Ẹ gbọ́ ná! Àwọn ọkọ̀ yìí kan náà ni ó ti tú àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ ká ní ọ̀wọ́ tí ó ṣáájú. Ta ni í gbàgbé ẹkùn tí ó ti pa á lẹ́ran jẹ? Ní apá tí ó ṣáájú ìkẹyìn, ìlú tí ayaba gbógun tì lu agogo pé àwọn túúbá. Ayaba gbọ́ agogo náà, síbẹ̀ ó fi iná jó ìlú náà tọmọdé tàgbà.

Nígbà ìsinmi wa, mo sọ ìtàn yìí fún ìyá àgbà kan ní Ìlú-Àbò, nítòsí Àkúrẹ́, ẹni tí ó ti pa àlọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Dírágónì kò yà á lẹ́nu, òkú tí ń rìn kò sì dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi agogo, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ọmọ mi, ṣé ó gbọ́ agogo náà?”

“Ó gbọ́ ọ, Màmá.”

“Kí ni onítàn ní ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ọ?”

“Màmá, wọn kò sọ fún wa. Ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn wá.”

Ó ní, “Mo lè gbà pé ó di ìkà. Ènìyàn rere ń di ìkà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Kí wọ́n má ṣe jù mí síbẹ̀.”

Nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Kì í ṣe sísọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni irọ́ nínú ìtàn. Irọ́ ni kí onítàn rú òfin tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀. Ìjàpá jẹ ọbẹ̀ oògùn tí babaláwo sè fún Yánníbo kí ó lè lóyún, ikùn Ìjàpá sì wú. A gbà, nítorí babaláwo ti kìlọ̀ fún un. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ni, mọ òfin yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, ó sọ ẹ̀bùn olúkúlùkù ọdẹ fún wa kí ìrìn wọn tó jìn. Bí Ọlọ́hùn-iyọ̀ bá fi ohùn rẹ̀ ṣe ohun ìyanu, a ti mọ̀ pé ohùn náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ wo Aníkúlápó pẹ̀lú, fíìmù Kunle Afolayan tí ó jáde lórí Netflix ní ọdún 2022. Ẹyẹ àkàlà jí Saro ahunṣọ dìde, àdó ẹyẹ náà sì di ọ̀nà ọlá fún un, títí ìgbéraga fi pa á. Nígbà tí ọ̀wọ́ eré mìíràn tẹ̀lé e ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí Saro sì tún yọ, àwọn kan nínú wa pariwo pé òkú ti kú, ìtàn ti tán. Èmi fara mọ́ ìbéèrè wọn, ṣùgbọ́n onítàn náà kò sá fún un: ó ní a rán Saro padà láti tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí ìdí náà bá tẹ́ wa lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wa lọ́rùn, ó ṣáà fi ìdí lélẹ̀.

Síbẹ̀, n kò gbè sẹ́yìn àwọn tí ó pàṣẹ pé kí a tún Game of Thrones ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe làálàá lórí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Emmy fún eré tí ó dára jù lọ ní irú tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹni tí ń gbọ́ àlọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ kí ó má gbe orin. Ó sì lè lọ pa tirẹ̀ níwájú ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè já àlọ́ gbà lẹ́nu ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó dúró níwájú àwọn ọmọ láìpẹ́. Ọmọ kan yóò nawọ́ láàárín ìtàn, yóò ní, “Tíṣà, kí ló dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀?” Bí a bá ní kí ó jókòó, kí ó má dàmú wa, a ti kọ́ ọ pé òpin lè wá láìní ìdí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ìṣirò bí ẹni ń kọ́ orin, yóò sì dàgbà di ará ìlú tí a ń náwó rẹ̀ tí kò béèrè ibi tí owó wọlé sí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa dúró gbọ́ ìbéèrè náà, kí a sì wá ìdáhùn sí i pẹ̀lú ọmọ tí ó bi í. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, a lè lu agogo ẹnu wa, kí a má ṣe bẹ̀rù bóyá yóò dún.