Kíbọ́ọ̀dù ìjọ tí mo fẹ́ tà bíi tuntun

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín lónìí.

Ẹ rántí pé a ra kíbọ́ọ̀dù tuntun sí ìjọ wa níbí ní Ìkòròdú. A wá ní ká ta èyí àtijọ́, Yamaha PSR-S670 oníkíì 61, ká fi san gbèsè tó kù lórí tuntun. Èmi fúnra mi ni mo ya fọ́tò rẹ̀, tí mo gbé e sórí Jiji àti Facebook. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Tòkunbọ̀ ni, ó mọ́ tónítóní, kò ní wàhálà kankan. ₦550,000."

Ará, ṣé tòkunbọ̀ ni lóòótọ́? Òkun ló gbà dé, àmọ́ ọdún mẹ́fà ni a ti ń lò ó. A ti fi ṣe àìsùn, a ti gbé e lọ ìsọjí níta gbangba, eruku ọyẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Kíì méjì lápá òkè kì í dún àfi téèyàn bá tẹ̀ wọ́n gan-an. Sípíkà òsì máa ń há tí a bá yí ohùn sókè. Iná jẹnẹrétọ̀ ti jó adápítọ̀ tó bá a wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti là. Iwájú nìkan ni mo yà.

Ní Sátidé, arákùnrin kan wá láti Ẹ̀pẹ́. Ìjọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abẹ́ kánópì ni wọ́n ṣì ń jọ́sìn. Owó wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ owó ọrẹ tí ẹ bá rí i. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín: "Dádì, ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pásítọ̀ ló ń tà á, kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Èmi tí mo ti wàásù lórí Òwe 11:1, mo rò pé àwọn tó ń tẹ ìdí kóńgò wọnú lọ́jà nìkan ló ń bá wí. Kóńgò tèmi wà lórí fóònù!

Mo ní kó jókòó. Mo tan kíbọ́ọ̀dù, mo fi gbogbo àbùkù rẹ̀ hàn án. A pe ẹni tó ń tún un ṣe, ó sọ iye tí yóò gbà. A yọ ìyẹn àti owó adápítọ̀, ó ku ₦430,000. Arákùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ ṣé." Ìdí nìyẹn tí owó tí ẹ ń retí fi dín ní ₦120,000. Ẹ má bi akápò; èmi ni kí ẹ bi.

Ẹ̀yin olórin wa tó ń ta nǹkan lórí fóònù, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá ti lò ó fúnra yín, ẹ má pè é ní tòkunbọ̀ mọ́. Ẹ ya ibi tó ti là. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà tẹ kíì kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ sì rí lára irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ń pè é ni, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á. Ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò kí ẹ tó dá iye lé tiyín.

Owó tí yóò mú ẹlòmíràn sunkún kò ní wọlé wa ní orúkọ Jésù. Ẹ sọ Àmín.