Ìwé tí mo máa ń kọ lásìkò ọdún, àti oògùn tí Màmá kì í lò

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, ìwé kan wà tí mo máa ń mú jáde. Kì í ṣe ìwé ńlá kankan o, irú èyí táwọn ọmọléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ọdún 2006 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ tíṣà n'Íbàdàn, èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí sì ni ìkẹta. Ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ ò le rárá: ọjọ́ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tá a sè, àwọn tó wá kí wa, ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé, súwẹ́tà tí mo hun àti ọmọ tí mo hun ún fún. Tẹlifíṣàn làwọn kan fi ń ṣe fàájì, àwọn kan ń ta ayò, ìwé yìí ni tèmi. Bàbá àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kọ ìròyìn fún ìjọba tí kò bi mí léèrè.

Mo fẹ́ẹ́ yẹ díẹ̀ wò nínú rẹ̀ pẹ̀lú yín, torí pé àárín ọ̀rọ̀ ọyẹ́ àti ìrẹsì ni mo ti rí ohun kan nípa ìlera màmá mi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò fura sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọyẹ́ kúrò nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ni, òun náà ló ń gbé eruku wá, tí ètè á máa bó, tí gìgísẹ̀ á máa là. Mo kọ ọ́ ní 2010 pé òrí ló bá gìgísẹ̀ Màmá mu jù: ká fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ lálẹ́, ká nù ún gbẹ, ká fi òrí pa á, ká wá wọ ìbọ̀sẹ̀. Mi ò tíì rí ìpara olówó gọbọi tó jù ú lọ títí dòní. Ohun kejì tí mo kọ nípa ọyẹ́ ni omi mímu. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà bó ṣe ń gbẹ ọmọdé, tí òtútù bá tún wá mú láàárọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ gbé kọ́ọ̀bù omi sẹ́nu nínú wọn. Ẹ máa rán wọn létí, àfi tí dókítà bá ti sọ iye omi tí wọn ò gbọdọ̀ mu kọjá. Ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée, kó má jẹ̀ẹ́ kí oògùn tó ń fín sẹ́nu jìnnà sí i, kó sì yàgò fún ibi tí wọ́n bá ti ń sun pàǹtí.

Ti ẹ̀yìnkùlé rèé. Tí mo bá fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sínú àwọn bàsíà àtijọ́ láàárín oṣù Kọkànlá, tí mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ti máa ń tó já kí Kérésì tó dé. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì ni mò ń dà sí i. Ẹ̀fọ́ ilé ẹni lásìkò tí gbogbo nǹkan wọ́n lọ́jà, ìdùnnú ńlá ni.

Ní 2007, Iléyá àti Kérésì ò tó ọ̀sẹ̀ kan síra wọn. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí màmá mi sí, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí rẹ̀. Ohun tí mo kọ lọ́dún yẹn ni pé ẹran àgbò tí Àlájì, ẹ̀gbọ́n Màmá, fi ránṣẹ́ kò tíì tán nínú ìkòkò tá a fi tún pa adìẹ Kérésì. Bíi ọjọ́ mọ́kànlá ni ọdún àwọn Mùsùlùmí fi kúrú sí ti kàlẹ́ńdà, ìdí nìyẹn tí ọdún méjèèjì fi máa ń pàdé, tí wọ́n á tún pínyà. Àlájì yìí náà ló kọ́ àwọn ọmọ mi ní ayò. Ihò méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí bàbá yẹn bá kàn gbójú lé ihò kan, ó ti mọ ibi tí èyí tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí. Mi ò ní sọ pé ayò ń wo ìgbàgbé sàn, mi ò kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó rí i jẹ ninu ilé wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá bá ọ̀rọ̀ Màmá.

Ọdọọdún ni Màmá máa ń ti Ìsẹ́yìn wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa, láti bíi ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá títí wọ ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kín-ín-ní. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, oògùn méjì ni wọ́n sì ń lò sí i, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni èyí tó ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa, kí omi tó pọ̀ jù lè jáde lára. Kí wọ́n tó padà sí Ìsẹ́yìn, a máa ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kan nítòsí wa kí wọ́n bá wa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kín-ín-ní, ọdún 2019, a ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ ni ṣíbí ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Mo wo ojú wọn, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ẹ́ sọ kò jáde bó ṣe yẹ. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ fi kásẹ̀ nílẹ̀, tí Màmá ń bi wá pé kí ló dé tá a ń wo àwọn báyìí. Àbúrò mi ní kò sí nǹkan, pé ó ti lọ. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ó gbé wọn sínú mọ́tò. Dókítà tó rí wọn sọ pé ìkìlọ̀ rọpá-rọsẹ̀ nìyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ ló dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú ọpọlọ tó tún wá ṣí, àti pé èyí tó máa ń tẹ̀ lé e lè má lọ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 178 lórí 102 lọ́jọ́ náà. Tó bá ti dé 140 lórí 90, tí kò sì rọlẹ̀, wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ àmì yìí. Tí ojú tàbí ẹnu bá wọ́ sápá kan, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ máa rí i. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ń já bọ́. Ẹ ní kó dárúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀kan péré nínú rẹ̀ bá ti mẹ́hẹ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kódà bó bá ti lọ kẹ́ ẹ tó wọ bàtà. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò yẹ.

Lẹ́yìn náà, oúnjẹ ọdún la dẹ́bi fún. Iyọ̀ àti mágí ni gbogbo wa ń pariwo. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, torí àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà kan má ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì kan, àti ti inú mágí sì ni wọ́n kà mọ́ ọn. Nítorí náà, lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ọbẹ̀ Màmá lọ́tọ̀, ìrẹsì wọn lọ́tọ̀. Ata, àlùbọ́sà, efinrin, àti ìrú tí wọn ò fi iyọ̀ sí ni mo fi ń gbé e dìde. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń kùn. Ṣùgbọ́n lóṣù Kín-ín-ní ọdún 2020, 170 lórí 98 la bá. Ó yà wá lẹ́nu.

Nígbà tó wá di ọdún 2020 yẹn, Kòrónà wà nílẹ̀. A sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má wá, a ò sì lọ sí ìṣọ́ òru. Àwa mẹ́rin péré la jókòó ti ìkòkò ìrẹsì. Ọdún tó dá jù nínú ìwé mi nìyẹn, mo hun súwẹ́tà méjì ààbọ̀ nínú rẹ̀. Oúnjẹ tá a fún Màmá ní 2019 náà la fún wọn. Lóṣù Kín-ín-ní 2021, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, 138 lórí 84.

Mo ṣí àwọn ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ń ka ti ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn. Oúnjẹ ò yàtọ̀. Ọyẹ́ ò yàtọ̀. Àlejò nìkan ni kò wá. Mo wá rí ìlà kan tí mo ti kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, nígbà tí mo fẹ́ẹ́ ra oògùn dè wọ́n kí wọ́n tó lọ: "Oògùn kan ti tán. Ti ìtọ̀ ṣẹ́ kù mọ́kànlá." Ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀ páálí méjèèjì, iye kan náà ló wà nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ sì ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbo ni mọ́kànlá ti wá?

N ò pariwo. Mo dúró di alẹ́, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, mo ní, "Màmá, ẹ dákun, oògùn ìtọ̀ yín yìí, ṣé ó máa ń dà yín láàmú nígbà ọdún ni?"

Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ilé ìtọ̀ yín, àárín pálọ̀ lèèyàn máa gbà débẹ̀. Àwọn àna rẹ á wà níbẹ̀, pásítọ̀ á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké á wà níbẹ̀. Ṣé kí n máa lọ kí n máa bọ̀ lójú wọn nígbà mẹ́wàá, bí ọmọ tí inú ń ṣu?" Wọ́n ní tí àlejò bá ti ń bọ̀, tàbí táwọn bá fẹ́ẹ́ jáde, àwọn kì í lo ìyẹn. Èkejì tí kò dààmú ẹnikẹ́ni, àwọn ń lò ó.

Ohun tó ń já mi láyà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn kì í sì í sọ. Ìtìjú ni. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ méje, tó ti ran òwú fún àwọn tó ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fẹ́ kí ọmọ àná máa ka iye ìgbà tóun lọ tọ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìlò-àìlò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru burú.

A sọ fún dókítà. Kò bá Màmá jà. Ó ní kí wọ́n máa lo tiwọn ní bíi aago mẹ́fà ìdájí, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ̀ náà á ti wá kó tó di ọ̀sán. Ti Màmá nìyẹn o, ẹ má fi ṣe ti yín láìbéèrè, oògùn ò rí bákan náà. Ilé la tún ṣe kù. Yàrá tó súnmọ́ ilé ìtọ̀ la gbé Màmá sí, a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ débẹ̀, kí wọ́n má gba pálọ̀ mọ́. Mo ra póò onídèrí fún alẹ́, mo fi iná kékeré sí ọ̀nà kí wọ́n má bàa ṣubú. Àga wọn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, igbá ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tún ń bá mi ká òwú súwẹ́tà. Àlejò ló ń lọ bá wọn níbẹ̀ ní méjì-méjì báyìí. Lóṣù Kín-ín-ní 2022, tí ilé tún ti kún bíi ti tẹ́lẹ̀, 136 lórí 82.

Láti 2023 tí owó oògùn ti fò sókè, ohun tí mo tún ń rí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi ni àwọn tó ń lo oògùn wọn ní ọjọ́ kan kí wọ́n tó fo ọjọ́ kejì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́. Ẹ sọ fún dókítà tàbí ẹni tó ń ta oògùn pé agbára yín ò ká a. Lọ́pọ̀ ìgbà, òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ kan náà tó dínwó wà.

Nínú ìwé mi báyìí, ojú ewé kan wà fún oògùn nìkan: iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá dé, iye tó kù lọ́jọ́ ọdún, iye tó kù lọ́jọ́ kejì oṣù Kín-ín-ní. Àwọn fúnra wọn ló ń kà á fún mi, èmi ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí n má gbàgbé láti fi kún un pé oògùn kọ́ ni ìṣòro àwọn gan-an, pé àwọn àlejò wa kì í tètè lọ sílé.