Kì í Ṣe Kíláàsì Olódo

Ọmọbìnrin kan tó háyà yàrá ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìjagun ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọdún kìíní ló wà ní yunifásítì. Ó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, èmi ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́ àwọn olódo ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́?" Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ẹnì kan ládùúgbò ló sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo ní kó wá jókòó. Mo sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, síbẹ̀ n kò sọ ọ́ tán. Èyí tó kù ni mo ń kọ yìí.

Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, láti 1983 di 2018, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Pre-NCE là ń pè é. Àwọn tí ìwé mẹ́wàá wọn kò pé, àgàgà àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì dá dúró, ló ń wá sọ́dọ̀ wa fún ọdún kan kí wọ́n tó wọ NCE ọlọ́dún mẹ́ta. Olódo kankan kò sí níbẹ̀. Mo kọ́ káfíńtà tó lè wo ilé láti ìta kó sọ iye pákó tí òrùlé rẹ̀ yóò jẹ. Mo kọ́ obìnrin tó ti ń ta gààrí láti kékeré, tó mọ èrè orí kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan láìgbé bíró. Ohun tó ṣẹ̀ wọ́n ni pé kò tíì sí ẹni tó jókòó tì wọ́n rí, kí wọ́n jọ ka ojú-ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ di gómìnà Ògùn ní 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé ìwé gírámà. Mo fọwọ́ sí i nígbà náà, mo fọwọ́ sí i títí dòní, nítorí àbúrò mi méjì ló tibẹ̀ di èèyàn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ń pọ̀ sí i, olùkọ́ kò pọ̀ tó wọn. Àwọn ọmọ mìíràn ń lọ láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, inú yàrá kan náà. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló wá ń kan ilẹ̀kùn wa lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà, tí àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní olódo.

Ọ̀gá mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọ̀rọ̀ yẹn níwájú wọn. Ará Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n, wọ́n ti kọ́ àwọn olùkọ́ Grade Two fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ga, wọn kì í pariwo, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń máàkì. Èmi dé pẹ̀lú bíró pupa àti ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tuntun, mo rò pé mo mọ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "My mother they have died." Mo fa ìlà pupa sábẹ́ "they have", mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ "Nonsense" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi rí ìwé náà lórí tábìlì mi. Wọ́n fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ pupa yẹn, wọ́n bi mí pé, "Ta ni 'they' yìí?" Mo ní ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá?" Mo ní, "Ìyá mi ti kú. Wọ́n ti kú." Wọ́n kàn wò mí. Ìgbà náà ni ó yé mi. Ọmọ náà mọ̀ pé ìyá òun ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó kàn jẹ́ pé kò lè pe ìyá tó bí i ní "she" bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá ìyá tó ti kú. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí èdè ilé wa kì í fi "wọ́n" ṣe àpọ́nlé tó ti Ọ̀yọ́, n kò tètè rí i. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní "wọ́n" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, àti pé tó bá kọ "she", ìyá rẹ̀ kò ní bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Kò tún ṣe àṣìṣe yẹn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ju bíró pupa sílẹ̀.

Ìwé kan wà tí ọmọ ọ̀gá mi fi ránṣẹ́ sí wọn láti Amẹ́ríkà, *Errors and Expectations*, èyí tí Mina Shaughnessy kọ ní 1977. City College ní New York ni obìnrin náà ti kọ́ni. Yunifásítì ìlú náà ṣílẹ̀kùn ní 1970 fún ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde ilé ìwé gírámà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì kọ àròkọ rí sì ya wọlé. Ó kó nǹkan bí 4,000 àròkọ wọn jọ, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé àṣìṣe wọn ní ìdí àti ìlànà. Ọ̀gá mi ka ìwé yẹn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya. Wọ́n ní ohun tí àwọn ti ń wí láti ọdún yìí wá nìyẹn, inú àwọn kàn dùn pé ẹnì kan tún rí i níbòmíràn.

Àwọn náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìka ọwọ́ kàwé. Ohun tí Francis Robinson pè ní SQ3R nínú ìwé rẹ̀ ní 1946, ọ̀gá mi ti sọ ọ́ di Yorùbá: wò ó, bi í, kà á, sọ ọ́, tún un wò. Àtàǹpàkò ni "wò ó", ọmọńdinrín ni "tún un wò". Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọ ìlà kan sílẹ̀ àyàfi tó bá dé ìka kẹrin, tó ti pa ìwé dé, tó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà. Bó bá fẹ́, kó sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpótí kan tó wà ní yàrá ìkàwé wa ni mo fẹ́ sọ jù. Nǹkan tí wọ́n ń pè ní SRA ni. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Don H. Parker, ló gbé e jáde ní 1957. Páálí líle ni, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé orí ìka, káàdì aláwọ̀ oríṣiríṣi ló sì kún inú rẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan le ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìtàn wà lára káàdì, ìbéèrè tẹ̀lé e. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde lọ mú káàdì ìdáhùn, òun ni yóò máàkì ara rẹ̀, òun ni yóò ya ìlà bó ṣe ń gòkè. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta lè wà lórí àwọ̀ tó rọrùn jù kí ọmọ ọdún méjìdínlógún wà lókè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìgbà tí yàrá ìkàwé wa bá dákẹ́ ní agogo méjì ọ̀sán, tí o ń gbọ́ bí káàdì ṣe ń wọnú àpótí tó tún ń jáde, o máa mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Àwọn ìtàn inú rẹ̀ ló jẹ́ ti Amẹ́ríkà, yìnyín àti ẹṣin àti bọ́ọ̀lù tí a kò mọ̀. Ọ̀gá mi bá ra fáìlì aláwọ̀, wọ́n gé e bíi káàdì, wọ́n fi tàpùrétà tẹ ìtàn tiwa sí i: bí a ṣe ń yan gààrí, bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe ń múra ọdún Ojúde Ọba. Èyí tó dára jù wà lórí aláwọ̀ ewé, ìtàn Ẹrẹdò, yàrà tí àwọn àgbà wa sọ pé Bìlíkísù Sùǹgbọ́ ló gbẹ́ ẹ, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ju 160 kìlómítà lọ, tí òkè rẹ̀ ga tó ogún mítà níbòmíràn. Ìbéèrè kẹfà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: "Kí ni ẹni tó kọ ìtàn yìí kò sọ?"

Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì ní 1991. Ọdún tó tẹ̀lé e, ìyanṣẹ́lódì àti owó oṣù tí kò wọlé ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo rántí. Nǹkan ń yí padà ní àyíká wa pẹ̀lú. Tai Solarin, bàbá tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, kú ní 1994. Ní 2005, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ yunifásítì ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìjagun wa níbí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2012, ìjọba ní àwọn yóò dà á pọ̀ mọ́ ti Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n tún yí i padà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á. Bí mo ti ń kọ́lé mi nítòsí ni mo ń wo gbogbo rẹ̀.

Ohun tó dùn mí ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tèmi. Ní ọdún kan, ọ̀gá tuntun kan pàṣẹ pé a kò ní kọ àròkọ mọ́ nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀, kí ọmọ mú A tàbí B tàbí D. Wọ́n ní JAMB náà kò bèèrè àròkọ, òótọ́ sì ni: ìbéèrè 60 ni Gẹ̀ẹ́sì JAMB, títẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n da kíláàsì wa mẹ́fà pọ̀ sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n gbé makirofóònù fún mi. Ta ni mo fẹ́ jókòó tì nínú gbọ̀ngàn? Wọ́n kó kọ̀ǹpútà sínú yàrá ìkàwé, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀ sí ìta. Òjò pa á ní ọjọ́ méjì kí n tó gbọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, àpótí ti lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì kan, mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ó má baà mì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á yọ. Ẹrẹdò ni.

N kò lòdì sí kọ̀ǹpútà. Ó lè sọ fún ọ bóyá ọmọ mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà ní àlàfo. Kò lè bi í pé ta ni "they".

Níbi iṣẹ́ náà, wọ́n tún fi ẹ̀sùn méjì kàn mí lórí ìwé, mo sì fẹ́ dáhùn wọn níbí. Wọ́n ní mò ń sọ Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Mò ń sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò lè to èrò rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, níbo ló fẹ́ tò ó sí ní èdè àjèjì? Ẹ̀sùn kejì ni pé mo ń dá àwọn ọmọ padà púpọ̀, mo ń fi ọdún ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Èyí dùn mí jù. Mo mọ̀ pé owó iléèwé ọdún kan kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ta gààrí. Ní New York pàápàá, ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n pinnu láti lé irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kúrò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin wọn, àwíjàre wọn kò sì jìnnà sí ti àwọn tó fẹ̀sùn kàn mí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni àwọn tí mo ń kọ́ fẹ́ dà. Ẹni tí mo bá gbójú fò lónìí, àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣágámù ló máa san án lọ́dún mẹ́rin òní. Bí mo bá tún padà síbẹ̀ lọ́la, bí mo ṣe ṣe é náà ni màá ṣe é.

Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè sọ fún mi pé iṣẹ́ GST 111 òun, Gẹ̀ẹ́sì fún ìbánisọ̀rọ̀, òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé òun. Mo ní kó gbé e wá. Ó ka ìpínrọ̀ kan sókè sí mi létí, mo ní kó pa ìwé dé kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìṣẹ́jú kan kọjá kó tó lanu. Nígbà tó sọ ọ́, ó sọ ọ́ dáadáa. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Wọ́n ti di mẹ́rin báyìí. Káàdì Ẹrẹdò kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà yíká, kíká tí wọ́n ká a sábẹ́ tábìlì sì ti fẹ́ gé e sí méjì.

Bí ó bá ṣe pé ìwọ tó ń ka èyí kọ́ni ní ilé ìwé tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn ọdún yẹn, tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà ní àjà rẹ, tàbí ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́, jọ̀wọ́ má sun ún. Gbé e wá sí Ìjagun. Bí káàdì rẹ̀ kò bá tilẹ̀ pé, gbé e wá bẹ́ẹ̀.