Adìẹ Ń Làágùn Ní Sàǹgó

Ẹ̀yin òǹkàwé, adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí mo ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ní Ọ̀tà, n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa àfi lọ́jọ́ tí mo wọ yàrá kótópó kan ní Sàǹgó.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló ni yàrá náà. Iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ló ń ṣe, kò sì sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní kó lọ wáṣẹ́ sí fáktírì, kó yé fi ayé rẹ̀ ṣeré. Ìyá rẹ̀ ló ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ láti bá a ra kọ̀ǹpútà.

Mo rí i pé ó fi fóòmù bo ògiri kí ìró má baà ta padà. Òru ló ń ṣiṣẹ́, nítorí ariwo fáktírì àti ọkọ̀ àjàgbé títì Abẹ́òkúta kì í jẹ́ kí ohùn mọ́ lọ́sàn-án. Yóò gba ohùn olórin lọ́tọ̀, yóò gba ìlù lọ́tọ̀, kó tó dà wọ́n pọ̀ bí ẹni ń se ọbẹ̀: iyọ̀ kò gbọdọ̀ bo ata mọ́lẹ̀.

Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Olórin kan ṣèlérí owó fún un lẹ́nu. Nígbà tí orin náà gba gbogbo ọjà kan, olórin kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Kò sí ìwé àdéhùn. Ojú tì mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní lẹ́tà kíkọ, n kò kọ́ ọ ní àdéhùn kíkọ.

Hárúnà Ìṣọ̀lá, baba alápàlà, wá sí mi lọ́kàn. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró dá STAR Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo orin tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ní 1979, ó dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ní ọ̀nà 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbajúmọ̀ ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ fún ojú àánú ẹlòmíràn.

Alẹ́ ọjọ́ náà la jọ kọ ìwé: ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ lára orin, àti ìpín tirẹ̀ bí orin bá tà. Oníbàárà tó kọ́kọ́ rí i kùn, ṣùgbọ́n ó buwọ́ lù ú. Gbèsè ti àtẹ̀yìnwá kò tíì wọlé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá yan irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ má lé e. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ kọ ìwé.