Ìwọ́ra Fún Aláboyún: Ibi Tí Ọwọ́ Lè Dé Àti Ibi Tí Kò Gbọdọ̀ Dé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe èyí tí ọkùnrin máa ń sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí ojú wa rí nínú ilé tiwa ni a fẹ́ sọ, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ilé ẹlòmíràn.

Ìgbẹ́mọ-Èkìtì ni ilé wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ẹni tí kò tilẹ̀ dé ìlú wa rí yóò ti gbọ́ orúkọ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Ohun tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í rò ni iye ìgbà tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó dé inú àwo. Ó bẹ̀rẹ̀ gbìn ín, ó bẹ̀rẹ̀ tu koríko ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ gé e. Ó dúró ti iná nígbà tí wọ́n ń sè é tèèpotèèpo, ó tún bẹ̀rẹ̀ sá a sí oòrùn. Aláboyún kì í yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, kò sí agboolé kan lọ́dọ̀ wa tí a kò ti mọ igbe "ẹ̀yìn mi o" ní àṣálẹ́.

Ní ọdún 2001, ìyàwó wa ní oyún àkọ́kọ́. Nígbà tí oyún náà di oṣù márùn-ún, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oorun sì dá lójú rẹ̀. Màmá wa ni ó gbà á sọ́wọ́. Bí a bá ti kírun alẹ́ tán, Màmá yóò tan àtùpà, yóò bu àdín sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ra á kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò sì máa wọ́ ìyàwó wa ní ẹ̀yìn, ní èjìká àti ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ tí ó ń hanrun. Àwa fúnra wa rí i pé ìwọ́ra yìí ṣe é ní àǹfààní.

Èyí kò sì ya ẹni tó mọ ara ènìyàn lẹ́nu. Bí ilé ọmọ bá ti ń tóbi, ó ń fa egungun ẹ̀yìn síwájú. Oríkèé ìbàdí pàápàá a máa rọ̀ láti múra sílẹ̀ de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn ni ó wá ń ru gbogbo ẹrù náà, ó sì ń le. Ọwọ́ tí ó bá wọ́ ọ pẹ̀lẹ́ yóò dẹ̀ ẹ́, ọkàn aláboyún yóò sì balẹ̀ pé ẹnì kan bìkítà fún òun. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé a lè fi ìwọ́ra dín ìrora kù fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ó ń rọbí, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà.

Nígbà tí oyún náà wọ oṣù kẹjọ, àwọn aládùúgbò wo ikùn rẹ̀, wọ́n ní ọmọ dábùú. Wọ́n júwe ìyá kan fún wa, tí òkìkí rẹ̀ kàn pé ó máa ń fi ọwọ́ tún ọmọ ṣe nínú ikùn. Ọkàn rere ni a fi ránṣẹ́ pè é, ọkàn rere ni òun náà fi wá. Ó ní kí ìyàwó wa fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ti ikùn náà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ìyàwó wa figbe ta. A gbọ́ ọ láti ìta. Ìyá náà ní, "Fara dà á, ọmọ mi, ó ti ń yí." A jókòó sí ìta níbẹ̀, a kò sọ nǹkan kan. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa ọjọ́ náà ni ó ṣì ń dùn wá jù.

Lóru ọjọ́ náà, ikùn rẹ̀ le bí pátákó, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Adó, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ikùn, ó gbọ́ títí, kò gbọ́ ìró ọkàn ọmọ. Ọmọkùnrin ni. A fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára, Ọlọ́hun Ọba sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọpẹ́ ni fún Un.

Dókítà kò bú wa. Ó ṣàlàyé pé ibi ọmọ ni ó ti ya kúrò lára ilé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ibi ọmọ ni ó ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ sí ara ọmọ. Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, ṣùgbọ́n fífi agbára tẹ ikùn wà lára ohun tó ń fà á. Ó tún sọ ohun kan tó mú wa sunkún: ọmọ tó dábùú ní oṣù kẹjọ ṣì ní àyè láti yí fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì ń yí kí ọjọ́ ìbí tó pé. Bí kò bá yí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, dókítà lè fi ọwọ́ yí i ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ọmọ, tí wọ́n ń gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀, tí yàrá iṣẹ́ abẹ sì wà nítòsí.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú èyí ti wọlé. Ní ọdún 2004, àwọn dókítà méjì ní Port Harcourt, Ugboma àti Akani, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi hàn pé wíwọ́ ikùn aláboyún wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá. Àwọn àjọ àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí obìnrin 82,000 ni oyún àti ìbímọ gba ẹ̀mí wọn ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bí 287,000 ní gbogbo ayé.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ń woni sàn láìní ìmọ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. A ti ronú lórí ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Ìyá yẹn nìkan kọ́ ni ó bá wí. Àwa tí a pè é, tí a kò bi í léèrè ìmọ̀ rẹ̀, tí a gbọ́ igbe tí a kò dìde, ó bá àwa náà wí.

Ọdún 2003 ni oyún mìíràn dé. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìyàwó wa fi forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba Màmá. Kò fọwọ́ kan ìyàwó wa mọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ún lóru, Màmá yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, yóò ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́sẹ̀, yóò máa dámi lójú. Ni ìyàwó wa bá mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ ìpàdé àwọn aláboyún. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ gbọ́ ìtàn náà, ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ẹ ó gbé e sí hàn yín." Ohun tó kọ́ Màmá ni a kó jọ síbí:

Èkínní, ẹ̀yìn, èjìká, ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a lè wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ikùn kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi òróró pa ikùn rẹ̀ kí ó lè rọ̀, kí ó fi í pa á lásán, kí ó má tẹ̀ ẹ́.

Èkejì, kí aláboyún fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí a fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún rẹ̀. Bí oyún bá ti dàgbà, fífẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́ a máa jẹ́ kí ilé ọmọ tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, òòyì a sì máa kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dunni, a kò gbọdọ̀ wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan, ìwọ́ra sì lè tú u lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ni kí ó rí i.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá, tí omi bá ti dà, tí ibà wà, tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú ń ṣú tàbí tí ojú wú, kì í ṣe àdín ni ó kàn. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí ní ojú àpá nínú ilé ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ikùn rẹ̀, àpá náà lè ya. Kódà lásìkò ìrọbí, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa fi agbára ti ikùn kí ọmọ lè jáde.

Ẹ̀kẹfà, ìwọ́ra kò dípò lílọ fún àyẹ̀wò. Láti ọdún 2016 ni àjọ náà ti sọ pé kí aláboyún rí elétò ìlera nígbà mẹ́jọ ó kéré tán, kí ti àkọ́kọ́ má sì kọjá oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ tí Màmá tún bu àdín sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gbogbo wa ni a jókòó tì í. Ní ọdún 2004, ìyàwó wa bí ọmọbìnrin ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ náà ti wọlé ọkọ báyìí. Nígbà tí òun náà lóyún, tí ó ní kí a sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọkọ òun, ni a rí i pé ó yẹ kí a kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìyàwó kò gbọdọ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì nítorí ìwọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ìtìjú nínú kí ọkọ bu òróró, kí ó wọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ru ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ó ń ké lábẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ dìde. Ẹ má jókòó sí ìta bí a ti jókòó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Kí Ọlọ́hun Ọba sọ gbogbo aláboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.